Ọjà Méjì Tí Iná Jó: Assigamé ní Lomé, Tẹ́júoṣó ní Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, fún ọba. Ìlú ni yóò gé igi, ìlú ni yóò po amọ̀, kábíyèsí yóò sì padà wọ ààfin tó dára ju ti àná lọ. Ìyálọ́jà tí ìṣọ̀ rẹ̀ jó mọ́jú ńkọ́? Ta ni yóò po amọ̀ tirẹ̀? Ọjà ni obìnrin mìíràn ti ń lo ojúmọ́ ju inú ilé rẹ̀ lọ. Bí ìṣọ̀ rẹ̀ bá jó, ilé rẹ̀ ló jó.

Òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2013 ni iná mú ilé alájà ọjà Assigamé ní àárín gbùngbùn Lomé, nítòsí kàtídírà àwọn Kátólíìkì. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ọjà Kara, lápá àríwá Tógò, ti jó. Ilé yìí ni ojúkò àwọn Nana Benz, àwọn ìyá tó ń ta àǹkárá Holland káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n lówó débi tí orúkọ ọkọ̀ Mercedes-Benz fi mọ́ wọn lára. Àmọ́ agbára wọn ti ń dín kí iná tó dé. Nígbà tí wọ́n gé owó CFA sí ìdajì ní oṣù kìíní ọdún 1994, aṣọ Holland di ọ̀wọ́n gógó, aṣọ ilẹ̀ Ṣáínà sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Iná wá bá wọn lórí àárẹ̀.

Ẹni tí kò bá tajà rí lè rò pé aṣọ nìkan ló ń jó nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Ìwé gbèsè ń jó pẹ̀lú, ìwé àwọn ọmọléèwé yẹn tí ìyá ń kọ orúkọ àwọn tó kó ọjà àwìn sí. Bó bá ti di eérú, oníbàárà tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run nìkan ló máa wá sọ pé òun jẹ ọ́. Owó tó wà nínú àpótí ńkọ́, owó tí wọn kò gbé lọ sí báńkì nítorí pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi rajà? Iná kì í bi owó léèrè ẹni tó ni ín.

Ìjọba Tógò kó àwọn alátakò sí àtìmọ́lé lórí ọ̀rọ̀ iná yìí. Agbéyomé Kodjo tó ti ṣe olórí ìjọba rí wà lára wọn, Etienne Yakanou, ọ̀kan nínú wọn, sì kú sí àtìmọ́lé ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ó yẹ ká mọ ẹni tó dáná sun ọjà náà. Ṣùgbọ́n ariwo ìyẹn bo ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ẹrù mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá náà kò dúró de ẹnì kan: wọ́n pàtẹ sí òpópónà tó yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì ń ta.

Tẹ́júoṣó ní Yàbá ti jó ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ìjọba Èkó gbé e fún àwọn aládàáni láti fi owó ara wọn kọ́ ọ, Gómìnà Fáṣọlá sì ṣí i ní ọdún 2014. Ilé náà rẹwà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ owó ìṣọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí iná lé kúrò níbẹ̀ sọ pé apá àwọn kò ká a, ọ̀pọ̀ ìṣọ̀ sì ṣófo fún ọdún mélòó kan. N kò ní bú ẹni tó yáwó kọ́lé, ó gbọ́dọ̀ rí i san. Ẹni tí mo bínú sí ni ẹni tó tọwọ́ bọ irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ láìbéèrè iye tí ẹlẹ́ran àti aláṣọ lè san.

Ẹ̀yin ará Lomé, ẹ má rò pé títẹ́ ọjà sójú títì ló dára jù. Òjò ń pa ọjà, oòrùn ń ṣá a, bí iná bá sì tún ṣẹ́ yọ, ọkọ̀ panápaná kò ní rí ọ̀nà gbà. Kò sì yẹ kí wọ́n kun ilé tó jó lọ́dà kí wọ́n ní ó ti yá. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa ń fi òòlù kan dẹ́kìn tí iná ti jó, á tẹ́tí. Bó bá dún bí ohun tó ṣófo, inú rẹ̀ ti là. Kọnkéré tó gbóná tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè pọ́n díẹ̀. Irin inú rẹ̀ tó bá gbóná dé 600, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́. Ohun kan náà ni fún ilé tí ẹ ń gbé bí iná bá mú un: ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sùn síbẹ̀.

Àtúnkọ́ kì í sì í yá, ẹni tó sọ pé ọdún kan ń tanni ni. Ibojì àwọn ọba Buganda ní Kasubi, ní Uganda, jó ní oṣù kẹta ọdún 2010. Ọdún 2023 ni UNESCO tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu. Ti ọba nìyẹn o.

Bó bá kù sí mi lọ́wọ́, ìyà ojú títì Lomé ni n ó mú ju ẹwà Tẹ́júoṣó lọ, nítorí pé ìyá tó ṣì ń rí oníbàárà rẹ̀ ní ohun tó lè fi kọ́lé lọ́la. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú yíyàn bẹ́ẹ̀ síwájú wọn. Ẹ̀yin aláṣẹ ọjà, ní Lomé àti ní Èkó, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ni ìṣọ̀ sílẹ̀ nígbà tí eérú ṣì gbóná, kí ẹ sì sọ fún wọn iye tí wọn yóò san kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ da ìwé gbèsè yín kọ, kí ẹ fi ọ̀kan sílé.