Orin Ìfẹ́ Lábẹ́ Ìyẹ́ Kantíkantí

Òórùn ìwúkàrà àti ìyẹ̀fun àgbàdo gba gbogbo yàrá ìwádìí náà ní Oxford. Oúnjẹ kantíkantí ni, nínú ìgò kéékèèké tí wọ́n fi òwú dí lẹ́nu. Àwọn kòkòrò tí à ń lé kúrò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹmu náà nìyẹn. Áfíríkà gan-an sì ni ìran wọn ti ṣẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú mi káàkiri da akọ kan àti abo kan sínú àwo róbótó, ó ní kí n wo inú máíkírósíkóòpù. Akọ yìí kò tíì fojú kan abo rí látìgbà tó ti yọ ìyẹ́. Síbẹ̀, ó mọṣẹ́. Ó tẹ̀ lé abo, ó na ẹsẹ̀ iwájú kàn án níkùn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ nǹkan wò. Abo sáré, òun náà sáré. Ló bá na ìyẹ́ kan ṣoṣo, ó ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, mo sì gbọ́ orin: tì-tì-tì, lẹ́yìn náà ó ń kùn. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí 35 péré ló wà láàárín ìró kan sí èkejì.

Abo ló ni ìpinnu o. Bí kò bá wù ú, á ta á nípàá. Abo yìí rọra dúró, akọ sì gùn ún.

Ta ló kọ́ akọ yìí? Ní 1963, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kulbir Gill ròyìn àwọn akọ kan tó ń lé akọ ẹgbẹ́ wọn, tí wọn kò sì lè bímọ. Jíìnì tí a wá ń pè ní fruitless ló yí padà lára wọn. Akọ ní in, abo ní in, ṣùgbọ́n bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ kan náà ní sòkòtò fún ọkùnrin, ní ìró fún obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni ara ń gé iṣẹ́ tí jíìnì yìí ń jẹ́. Gígé ti akọ ń mú puròtéènì kan jáde tó ń to iṣan ọpọlọ fún ìfẹ́. Ti abo kì í mú un jáde.

Ní 2005, Ebru Demir àti Barry Dickson ní Vienna ṣe é kí ti abo gé bí ti akọ. Abo bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo. Àwọn kan wá ń pe fruitless ní jíìnì ìfẹ́. Orúkọ náà tóbi jù fún un, ní tèmi. Ní Oxford, wọ́n fi irú abo bẹ́ẹ̀ hàn mí: ó tẹ̀ lé abo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kàn án, ó na ìyẹ́. Mo tẹ́tí sí ẹ̀rọ, orin náà kò já gaara. Kí orin tó pé, jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ doublesex gbọ́dọ̀ dá sí i.