OMI TÓ MỌ́ GAARA: ÀYẸ̀WÒ OMI KÀNGA NÍ OKO

Ọ̀rọ̀ omi kànga ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, pàápàá kànga tí àgbẹ̀ gbẹ́ sí ahéré tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ rẹ̀. N ó bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ewu náà ti kọ́kọ́ ń fara pamọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, mọ́, ni Yorùbá ń lò fún omi tí ojú rí dé ìsàlẹ̀ àti fún ohun tí kò ní èérí. Bí a bá ti ní omi kan mọ́ gaara, a ti parí ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn: a ó bù ú mu. Bẹ́ẹ̀ ojú nìkan ló dá ẹjọ́ náà.

Sòbìà ti bá wa wí lórí èyí rí. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tí ó mú jákèjádò Nàìjíríà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 600,000. Kòkòrò tíntìntín inú omi adágún ló ń gbé ọmọ aràn náà wọ inú ènìyàn. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ sẹ́ omi, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀: ọdún 2008 ni a rí ẹni tó ní i kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ; ojú aṣọ lásán kò tó láti dá a dúró.

Báwo wá ni omi inú ilẹ̀ ṣe ń bàjẹ́? Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òkè-Ògùn, orí àpáta líle ló wà. Inú erùpẹ̀ tí àpáta náà jẹrà dà ni omi ń gbára jọ sí, àti inú ibi tí àpáta ti sán. Kànga tí a fi ọwọ́ gbẹ́ kì í sábà kọjá inú erùpẹ̀ yìí, ohunkóhun tí omi òjò bá sì bá pàdé lójú ọ̀nà ni ó lè gbé débẹ̀. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Omi kànga ní o, ṣáláńgá tí a gbẹ́ sí òkè rẹ̀ sì ni olórí wọn. 30 mítà ni a sábà ń ní kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó kéré tán.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ti ìgbẹ́. Àwọn tó ń ṣe é kì í wá gbogbo kòkòrò àrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran, tí à ń pè ní E. coli, ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, ìgbẹ́ ti dé inú omi náà, àrùn sì lè ti bá a wọlé. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí nínú 100 mìlílítà. Ìgò tí ilé àyẹ̀wò ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni a ó fi bu omi. A kò ní ṣàn án, a kò ní fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. A ó gbé e sínú yìnyín kí ó lè débẹ̀ láàárín wákàtí 6 bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó má sì kọjá 24.

Àyẹ̀wò kejì ni àwọn ènìyàn sábà ń fò dá, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí á dúró lé lórí. Náítíréètì ni ohun tí a ń wá níbẹ̀. Ó ń ti ara ajílẹ̀ òyìnbó, ìgbẹ́ adìẹ àti ṣáláńgá wá; kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ní 1945, Hunter Comly, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ìkókó tí ara wọn di aláwọ̀ aró. Omi kànga oko ni wọ́n fi ń po wàrà wọn. Náítíréètì inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara bí ó ti yẹ. Lára ọmọ tiwa, ètè, èrìgì àti èékánná ni a ó wò. Gbèdéke tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni 50 mílígíráàmù nínú lítà kan.

Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò ní òun a máa se omi náà kí òun tó fi po wàrà. Ó ṣe dáadáa, nítorí iná pa E. coli. Ṣùgbọ́n iná kò ran náítíréètì: bí omi ti ń fà lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni náítíréètì ń ki sí i nínú èyí tó kù. Ìtọ́jú tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru ló wá ń dá kún ewu kejì yìí, ìyá kò sì lè mọ̀ láìsí àyẹ̀wò. Ọmọ tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀ nìkan bọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ni kí á bu omi lọ fún àyẹ̀wò, kí á sì tún un ṣe nínú ẹ̀rùn, nítorí kànga kan náà a máa yí padà. Bí ó bá jẹ́ E. coli ni a rí, a ó mọ ẹnu kànga ga, a ó dé e, a ó so korobá kan ṣoṣo mọ́ ọn tí kò ní máa fara kan ilẹ̀, a ó da kiloríìnì sí i, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ náítíréètì ló pọ̀ jù, kí á wá omi mìíràn fún ọmọ ọwọ́ àti aboyún. Kí á má tìtorí èyí dí kànga náà: omi rẹ̀ wúlò fún ìfọṣọ àti fún oko àgbàdo, níbi tí ajílẹ̀ inú rẹ̀ kò ti ní ṣòfò.