Bébà Kékeré Inú Páálí: Ẹjọ́ Yaz àti Yasmin

Bí ẹ bá wà nínú dáńfó, ẹ ki íápíìsì bọ etí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ sókè láàárín èrò.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ní kẹ́mísì kan. Inú páálí tí sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wà ni ọmọbìnrin tó ń tajà ti yọ ọ̀kan fún mi. Ó fi ọ̀rá dúdú wé e, mo sanwó, mo jáde. Páálí àti bébà inú rẹ̀ kù sórí káńtà. Ìgbà tí mo wá ka ẹjọ́ Yaz àti Yasmin ni mo tó mọ ohun tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Bayer, ilé-iṣẹ́ Jámánì, ló ni oògùn méjèèjì. Ẹ́sítírójìn àti họ́mọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní drospirenone ló wà nínú wọn. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí yòówù tó bá ní ẹ́sítírójìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà bá já, tó gba inú iṣan dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn.

Ẹ má jáyà o. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò jáde ní 2012. Nínú obìnrin 10,000 tí kò lo oògùn yìí, tí kò sì lóyún, ẹni 1 sí 5 ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́dún. Nínú àwọn tó ń lò ó, 3 sí 9 ni. Nínú àwọn aláboyún, 5 sí 20 ni. Oyún fúnra rẹ̀ léwu jù ú lọ.

Kí wá ni ẹjọ́ dá lé? Ìwádìí kan fi hàn pé ewu drospirenone lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn oògùn àtijọ́. Òmíràn ní kò sí ìyàtọ̀. Ní oṣù kẹrin 2012, FDA ní kí wọ́n kọ ọ́ sára bébà oògùn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2009, Bayer ti gbà láti ná mílíọ̀nù 20 dọ́là lórí ìpolówó tuntun láti ṣàtúnṣe èyí tí wọ́n ṣe fún Yaz lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ó pọ́n oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún 2009 yẹn náà ni wọ́n kó àwọn ẹjọ́ tó wà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ jọ síwájú Adájọ́ David Herndon ní Illinois. Àwọn obìnrin náà ní, “Ẹ mọ ewu rẹ̀, ẹ ò kìlọ̀ fún wa tó.” Bayer ní àwọn ò jẹ̀bi. Síbẹ̀, wọ́n yanjú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì níta kóòtù, owó gbà-má-bínú náà sì ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Ní Jámánì fúnra rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí yàtọ̀. Obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dídì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní 2009 pe Bayer lẹ́jọ́ ní Waldshut-Tiengen. Ilé-ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2018. Kóòtù Karlsruhe tún dá a nù. Àwọn adájọ́ ní kò dájú pé oògùn ló fà á. Ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sọ́nà jíjìn, ìyẹn náà sì lè mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Nítorí náà, ohun méjì ni irú ẹjọ́ yìí máa ń béèrè: ṣé wọ́n kìlọ̀ fún ẹ tó, àti pé ṣé oògùn yìí gan-an ló ṣe ẹ́? Èmi tí mo gba sáṣẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀rá dúdú, kí ni mo fẹ́ mú wá? Kò sí páálí, kò sí rìsíìtì. Ìkìlọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ orí káńtà ló kù sí. Òfin FCCPA ti 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ lórí ọjà tó lábùkù tó sì ṣe wá léṣe ní Nàìjíríà, àmọ́ ẹ̀tọ́ láìsí ẹ̀rí, ẹnu lásán ni.

Torí náà, ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò páálí náà tiwájú tẹ̀yìn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì rí nínú ẹbí yín, tàbí bí ẹ bá ń mu sìgá. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn yín, bí èémí bá ṣàdédé ń hán, tàbí àyà ń dùn yín, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ tún lè fi tó NAFDAC létí lórí áàpù Med Safety. Ẹ má kàn jù ú nù torí ohun tí mo sọ o. Ẹ kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì.

Èmi náà ti padà sí kẹ́mísì yẹn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bébà inú ẹ̀.” Ọmọbìnrin náà wò mí, ó ní, “Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀ rí.” Ó fún mi. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí èèrà, fóònù ni mo fi sọ ọ́ di ńlá kí n tó lè kà á. Àmọ́ mo kà á tán.

Ẹ béèrè bébà yín. Ó dìgbà kan ná.