Iná Tí Ó Yẹ Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́

Bí ẹ bá wo orí kọ́bọ́ọ̀dù yín dáadáa, tàbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín tí ó ti dàgbà kúrò nílé, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí páálí kan tí eruku ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ tú u wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni ó wà níbẹ̀, irú Nintendo tàbí Sega tí ó gbòde ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, ẹ óò bá ẹ̀rọ náà, ẹ óò bá ohun tí àwọn ọmọ ń tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ óò sì bá kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tí ó ṣòro kí ẹ bá ni àdápítọ̀ rẹ̀, àpótí dúdú kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí iná tó lè dé inú ẹ̀rọ. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹnìkan á ti yá a fún rédíò rẹ̀, kò sì ní rántí dá a padà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó rán ọmọ lọ sí ọjà pé kí ó wá òmíràn tí ẹnu rẹ̀ bá wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn, "tí ẹnu rẹ̀ bá wọ̀ ọ́," ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé lónìí, nítorí èmi fúnra mi ti fi í ba nǹkan jẹ́ rí.

Ní 1994, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra Sega Mega Drive. Ilé-iṣẹ́ Sega gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní Japan ní 1988, ó sì dé ilẹ̀ Yúróòpù ní 1990. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wa ni àwọn àgbà kò ti rí ààyè jókòó ní pálọ̀ mọ́, nítorí àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ṣaláìsí. Nígbà tí ẹbí ń pín ẹrù rẹ̀, mo sọ fún wọn pé Mega Drive náà nìkan ni mo fẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbé e délé, mo tú u, kò sí àdápítọ̀. Ṣùgbọ́n àdápítọ̀ Nintendo kan wà nílé mi, èyí tí àna mi kan fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀, a sì ní sítẹ́pù-dáwùn tí a fi ń lò ó. Mo kì í bọ ẹ̀yìn Sega. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé inú páálí kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde. Mo pe àwọn ọmọ mi kí wọ́n wá wo ohun tí bàbá wọn fi ṣeré ní kékeré. Mo tan án. Iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ kò tàn. Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi dún "pàù" nínú rẹ̀, òórùn burúkú sì gba gbogbo pálọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni mo ń dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, tí mo ń kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín iná AC àti iná DC!

Ìyàtọ̀ náà gan-an ni ó ṣe é. Iná ara ògiri jẹ́ AC: ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tí ń fa ayùn, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́dọ̀ wa, ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà. Iná bátìrì ni DC: ọ̀nà kan ni ó ń gbà, kì í ṣẹ́rí padà. Nínú lọ́hùn-ún, DC ni àwọn ẹ̀rọ géèmù wọ̀nyí ń jẹ, fólítì 5 péré ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń fẹ́. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, níbo ni a ti ń sọ AC di DC? Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀, àdápítọ̀ ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Nintendo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Amẹ́ríkà ní 1985, tí wọ́n ń pè ní NES, inú ẹ̀rọ gan-an ni àwọn tí ó ṣe é fi iṣẹ́ yẹn sí. Àdápítọ̀ rẹ̀ kò ju tíránsífọ́mà lásán lọ: ó ń gba AC fólítì 120, ó sì ń fúnni ní AC fólítì 9. Ti Sega ń fúnni ní DC fólítì 9 tàbí 10. Àṣé AC ni mo rọ sí ẹnu tí ó ń retí DC.

Ẹ má rò pé ìjà Nintendo àti Sega nìkan ni èyí. Nintendo tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan ní 1983, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Famicom, ọmọ ìyá NES ni. DC fólítì 10 ni ó ń jẹ. Ẹnu àdápítọ̀ NES wọ̀ ọ́ rẹ́gí, ó sì lè bà á jẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹnu kan, oúnjẹ méjì. Ẹni tí ó ni NES ni ara lè tù díẹ̀: nítorí pé inú ẹ̀rọ náà ni a ti ń to iná rẹ̀, ó lè jẹ DC fólítì 9 náà, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é bí a tilẹ̀ yí orí iná náà sí ìdí.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ sí ọjà, ẹ dojú ẹ̀rọ yín dé kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe ara àdápítọ̀ tí ẹ bá nínú páálí, nítorí a kò mọ ẹni tí ó jù ú síbẹ̀. Ẹ óò rí AC tàbí DC. Ẹ óò rí fólítì, ẹ óò rí ámpíà.

Ẹ wo tánkì omi tí a gbé sórí òpó. Bí tánkì náà ti ga tó ni agbára tí ó ń ti omi wálẹ̀; fólítì nìyẹn. Bí omi tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ti pọ̀ tó, ámpíà nìyẹn. Ẹ̀rọ géèmù kì í gbà ju ámpíà tí ó bá nílò lọ, nítorí náà àdápítọ̀ tí ó ní ámpíà púpọ̀ kò lè pa á lára. Mega Drive àkọ́kọ́ béèrè ámpíà 1.2; èyí tí a kọ 2 sí lára dára fún un. Èyí tí a kọ 0.5 sí lára ni yóò máa gbóná, tí àwòrán yóò máa jó lójú tẹlifíṣọ̀n, tí àdápítọ̀ náà yóò sì jóná bí a bá pẹ́ níbẹ̀.

Ti fólítì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú Mega Drive, Famicom àti NES, ohun kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí a ń pè ní 7805, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rẹ fólítì tí ó wọlé sílẹ̀ di 5. Àjẹṣẹ́kù, ooru ni ó ń sọ ọ́ dà. Bí fólítì 9 bá wọlé pẹ̀lú ámpíà kan, 4 ni yóò dànù, ooru wáàtì 4 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 12 ni ẹ fún un, ó di wáàtì 7. Ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́, ẹni tí ó tà á fún yín yóò sì búra pé kò sí ewu, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yóò máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ní òdìkejì, bí iná tí ó wọlé kò bá tó nǹkan bí fólítì 7, 7805 kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe 5 pé.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí àti ìdí. Bí bátìrì ti ní orí àti ìdí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àdápítọ̀ DC ní: ihò àárín jẹ́ ọ̀kan, irin ìta jẹ́ èkejì. Àwòrán kékeré kan máa ń wà lára àdápítọ̀ tí ó fi èyí hàn, pẹ̀lú àmì + àti àmì −. Ní Famicom àti Mega Drive àkọ́kọ́, ìdí ni ó wà láàrín. Ohun tí ó ń mú kí ọjà léwu nìyí, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, ti dìkódà, ti Wi-Fi, ti kámẹ́rà aṣọ́lé, fólítì 12 ni ọ̀pọ̀ wọn, orí ni ó sì wà láàrín wọn. Sega fúnra rẹ̀ tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà ní 1993, nígbà tí ó ṣe Mega Drive kejì tí ó kéré: ó yí orí sí àárín, ó sì sọ ámpíà di 0.85. A dúpẹ́ pé ó sọ ẹnu rẹ̀ di kékeré pẹ̀lú, kò lè wọ ti àkọ́kọ́.

Mo gba yín níyànjú kí ẹ ra mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò. Ẹ gbé e sí DC 20. Ẹ ki wáyà pupa bọ ihò àárín ẹnu àdápítọ̀, kí ẹ fi dúdú kan irin ìta. Bí ó bá kọ 9 pẹ̀lú àmì −, ìdí ni ó wà láàrín, ó yẹ fún Sega àkọ́kọ́. Bí kò bá kọ nǹkan kan, tí ẹ sì gbé mítà sí AC tí ó kọ 9, irú èyí tí ó ba tèmi jẹ́ ni ẹ mú dání yẹn. Bí èyí tí wọ́n pè ní 9 bá kọ 13, ẹ má tíì bá ẹni tí ó tà á jà. Àwọn àdápítọ̀ ayé àtijọ́, tí kò ní ohun tí ń ṣọ́ ìwọ̀n iná nínú wọn, máa ń ga bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí wọn.

Irú àwọn àtijọ́ yìí kò bá ilẹ̀ wa mu mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n wúwo tí wọ́n sì dà bí ohun gidi. Ohun tí ó bá wọlé láti ara ògiri ni wọ́n ń tẹ̀lé. Iná wa yẹ kí ó jẹ́ fólítì 230. Ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan fáànù àti fíríìjì, tí ó wá já sí 160, àdápítọ̀ fólítì 9 bẹ́ẹ̀ yóò já sí 6 àti díẹ̀. Ẹ ti rí i pé 7 ni 7805 ń fẹ́. Ọmọ á ní kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, á yọ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹrù tòkunbọ̀ tún ní tirẹ̀. Fólítì 100 ni iná Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà. Àdápítọ̀ tí a ṣe fún àwọn ibẹ̀, bí a bá kì í bọ ògiri wa láìsí sítẹ́pù-dáwùn, ìlọ́po méjì iná ni a fún un, kò sì ní tọrọ gáfárà kí ó tó jó. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi ní láti máa gbé sítẹ́pù-dáwùn kiri nítorí géèmù. Ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ kò mọ ìlú tí iná ti wá. Àdápítọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ ra àdápítọ̀ òde òní tí a kọ "100–240V, 50/60Hz" sí lára. Ó ń ṣọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀: bí iná ògiri bá já sí 160 tàbí ó gòkè sí 240, 9 rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 9.

Níbo ni ẹ ti lè rí èyí tí ìdí wà láàrín rẹ̀? Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò orin. Àwọn onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì yín ní àpótí kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Fólítì 9 DC ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ, ìdí sì wà láàrín, ẹnu kan náà. Ẹ ṣáà wo ámpíà rẹ̀, nítorí àwọn kan kéré. Ẹ fi ọwọ́ gbé e wò pẹ̀lú. Èyí tí ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, tí owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Ohun tí ó yẹ kí ó la iná ògiri kúrò lára ọwọ́ ọmọ yín lè má sí nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ojúlówó tí ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ ni àwọn ó lò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ fi mítà wò ó, ọjọ́ ti pẹ́. Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé tí ó jáde ní 1982 tí àwọn ọmọ fi ṣe géèmù púpọ̀, àdápítọ̀ tirẹ̀ gan-an ni a mọ̀ sí apànìyàn rẹ̀: wọ́n da oje líle sí inú rẹ̀ tí kò ṣeé tú, ooru kò rí ọ̀nà jáde, nígbà tí ó bá sì bàjẹ́, fólítì 5 rẹ̀ á gòkè, á sì jó àwọn ohun tí kọ̀ǹpútà náà fi ń rántí nǹkan. Ti Atari 2600 ti 1977, ẹnu rẹ̀ dà bí ti ohun tí a ń fi sétí gbọ́ rédíò. Ẹ kọ́kọ́ kì í bọ ẹ̀rọ kí ẹ tó kì í bọ ògiri, kí irin rẹ̀ má baà fara kanra pẹ̀lú iná lórí.

Ní ti Mega Drive ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nílùú wa. 7805 méjì ni ó wà nínú rẹ̀, méjèèjì ti kú. Kapásítọ̀ kan ti wú, ó sì ti bẹ́. Ó pààrọ̀ wọn níṣojú mi. Ohun yòókù kò fara pa. Àdápítọ̀ fólítì 9, ámpíà 2, tí mo rà nílé ohun èlò orin ni ó ń lò báyìí. Mo fi bírò kọ "SEGA NÌKAN" sórí pílásítà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà rẹ̀ nítòsí ẹnu, níbi tí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ kì í bọ nǹkan kò ti lè ṣàìkàn án. Ti Nintendo náà ní tirẹ̀ lára, kọ́bọ́ọ̀dù wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan mọ́.