Ajá Abẹ́ Tábìlì àti Ajá Ìgboro

Ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Ifangni, Bíbélì méjì lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti inú ilé kan ṣoṣo. Ti Yorùbá wà lọ́wọ́ ìyá, iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ti Faransé wà lọ́wọ́ ọmọ tó lọ ilé-ìwé, ti Louis Segond ará Geneva, tí Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní 1880. Bí wọ́n bá dé Matiu 15, ẹsẹ 26, ọ̀nà wọn á yà. Ìyá á ka "ajá". Ọmọ á ka petits chiens, àwọn ajá kékeré.

Obìnrin ará Kénáánì kan ló ń bẹ Jésù nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ẹ̀mí èṣù ń dá lóró, ìdáhùn tó sì gbà ni pé oúnjẹ ọmọ kò tọ́ sí ajá. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́, òun ló sì ń lé oníwàásù lọ sídìí Gíríìkì, kí ó lè sọ fún ìjọ pé kì í ṣe kyon, ajá lásán, ni Jésù wí, kynarion, ajá kékeré, ni.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kyon hàn nínú Májẹ̀mú Tuntun: ajá tí a kò gbọdọ̀ fi ohun mímọ́ fún, èyí tó ń lá egbò Lásárù, èyí tó padà sídìí èébì rẹ̀, àwọn tí Pọ́ọ̀lù ní kí ará Fílípì ṣọ́ra fún, àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi ìlú ní Ìfihàn 22. A kò rí ẹni tó pe ọ̀kan wọlé nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni kynarion hàn, nínú ìtàn obìnrin yìí nìkan, lọ́wọ́ Matiu àti Maku. Segond rí ìparí ọ̀rọ̀ náà, -arion, tí Gíríìkì fi ń sọ nǹkan di kékeré, ó sì tẹ̀ lé e.

Èmi kò gbà pé kékeré yẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Nígbà tí a kọ ìwé ìyìn rere, irú ìparí bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo mọ́. Nínú Maku 7, níbi tí ìtàn yìí wà, ọmọbìnrin náà jẹ́ thygatrion, èérún jẹ́ psichion, ọmọ jẹ́ paidion. Etí tí wọ́n gé ní Getsemane, otarion ni Maku pè é, etí àgbàlagbà sì ni. Ọ̀dọ́-Àgùntàn inú Ìfihàn, arnion ni, ó sì ní ìwo méje àti ojú méje! Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ajá tó bá Tobias rìnrìn àjò nínú ìwé Tobit tí àwọn Àgùdà ń kà, kyon ni.

Ibi tí ajá náà wà ni kí a wò. Abẹ́ tábìlì ló wà, ó sì ní olúwa. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló rí i. Ó ní àwọn ajá náà ń jẹ nínú èérún tó bọ́ láti orí tábìlì olúwa wọn. Kò jiyàn pé òun kì í ṣe ajá, ó kàn fi hàn pé inú ilé ni ajá ọ̀hún wà. Ìgbàgbọ́ tí Jésù yìn nìyẹn.

Nígbà náà, ta ló túmọ̀ rẹ̀ dáadáa? Etí Faransé gba petits chiens láìsí wàhálà. Ká ní àwọn ti Yorùbá náà wá ohun tó kéré lọ ni, "ọmọ ajá" ni ì bá bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kí ẹnì kan pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ ní ọjà Ìgòlò kó wò ó, nítorí èébú tó kan bàbá àti ìyá ni. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n fi "ajá" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ó ku ibì kan. Nínú Bíbélì wa, ajá tí Pọ́ọ̀lù ń lé àti ajá tó ń jẹ èérún lábẹ́ tábìlì ti di ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, "ajá ilé" ni èmi yóò fẹ́ kí wọ́n kọ ní Matiu 15 àti Maku 7, kí wọ́n sì fi àwọn márùn-ún tó kù sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin oníwàásù wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ẹsẹ 26 kí ẹ má ka ẹsẹ 27 mọ́ ọn.