Mànátì Inú Ọ̀sà Wa
Ẹ̀yin ará, mélòó nínú àwa tí a ń gbé etí ọ̀sà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó mọ mànátì, ẹran ńlá inú omi tí ń jẹ koríko tí ó sì ń fún ọmọ lọ́mú? Ọmọ kan ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọ̀n bá ń pa á, ìran rẹ̀ lè run. A kò lè kà á bí ewúrẹ́. Ìṣirò ni a fi ń wé iye tí ń kú mọ́ iye tí a ń bí, kọ̀ǹpútà ni a sì fi ń ka àmì ìran tí ó wà nínú awọ rẹ̀. Àwọn òbí ń fẹ́ lọ́yà (a kò bá wọn wí). Ṣùgbọ́n Yunifásítì Èkó ní Akọka ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òkun, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, sì wà ní Victoria Island, nítòsí wa níhìn-ín.