Bí Wọ́n Ṣe Ń Fún Omi Kúrò Lára Ẹrẹ̀ Ìdọ̀tí

Ẹni tó bá ti rin ẹ̀gẹ́ rí mọ̀ pé omi inú rẹ̀ la kọ́kọ́ ń bá jà. A ó dà á sápò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa ṣàn títí ohun tó kù yóò fi ṣeé sẹ́, tí yóò sì ṣeé yan. Omi yìí náà ni wọ́n ń bá jà láwọn ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí kéékèèké ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹrẹ̀ tó silẹ̀ nínú omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ilé ìdáná ni wọ́n ń fún.

Ẹ̀gẹ́ rọrùn jù ú lọ. Nínú tọ́ọ̀nù 100 ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun gbígbẹ lè má ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Omi ni gbogbo ìyókù. Horo inú rẹ̀ kéré jọjọ, irú agbára iná kan náà ló wà lára wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń ti ara wọn, tí wọn kì í ṣù. Bí a bá kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á gba ojú aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ já tàbí kó dí i pa.

Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní pọ́límà ló ń kó wọn jọ. Òṣìṣẹ́ á bu ẹrẹ̀ sínú ife, á ta pọ́límà tí wọ́n ti pò mọ́ omi sí i, á máa dà á láti ife kan sí ìkejì. Kò ní pẹ́ tí ẹrẹ̀ á fi ṣù, tí omi tó mọ́ á hàn láàárín àwọn ìṣù náà. Bí kò bá ṣù, á fi díẹ̀ kún un. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, owó sì ti ṣòfò.

Ìwọ̀n tó bá ṣiṣẹ́ nínú ife ni wọ́n á fi po gbogbo ẹrẹ̀ náà. Ìgbà náà ni ẹrẹ̀ á bọ́ sáàárín aṣọ gbọọrọ méjì tó ń yí lórí rólà, tí rólà á máa fún un bó ṣe ń lọ, abẹ á sì ha á bọ́ lópin. Omi tó jáde kò tíì mọ́, nítorí náà wọ́n á dá a padà síbi tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohun gbígbẹ bá dé ìdá 20 nínú 100, tọ́ọ̀nù 100 ti di 10. Ẹrù tí ọkọ̀ ì bá kó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á kó o lẹ́ẹ̀kan.

Fífún un kò pa àrùn o. Ẹyin aràn lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà tọdún 1993 fi sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kó tó di ajílẹ̀ lóko.

Ìlú tí kò lówó ẹ̀rọ lè tẹ́ yanrìn sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n da ẹrẹ̀ lé e, kí omi máa jò gba ìsàlẹ̀, kí oòrùn fa ìyókù. Nílẹ̀ wa tí òjò ti pọ̀, àfi kí wọ́n bò ó lórí. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí síbi tí ẹ ń gbé, ẹ má wo páìpù àti táńkì nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ó ti máa fún ẹrẹ̀ rẹ̀, ta ni yóò sì máa sanwó rẹ̀? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn, inú odò ni ẹrẹ̀ náà ń lọ.